Kòkó Tí Kò Hù

Ẹnu mi ló kó mi sínú rẹ̀. Ó yẹ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọgbọ́n orí ló mú mi kọ́ àwọn ọmọ bí mo ṣe kọ́ wọn lọ́dún náà. Ìbínú ni, kì í ṣe ọgbọ́n. Baba mi kò ní ilẹ̀ púpọ̀ tí a lè jogún, ìbínú rẹ̀ ni mo jogún, mo sì gba ìpín tèmi pé pérépéré.

Òyìnbó kò tíì pẹ́ púpọ̀ nílẹ̀ wa nígbà náà. Reluwé ti wọ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ní abúlé tí wọ́n rán mi lọ ní apá Lágelú, ohun tí àwọn èèyàn mọ̀ mọ́ Òyìnbó kò ju pé ó ń ní kí wọ́n wá la ọ̀nà, àti pé ó ń ra kòkó. Gbogbo ayé ló sì ń gbin kòkó. Èmi ni tíṣà àkọ́kọ́ tí wọ́n ní. Àtíbàbà tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ bò lẹ́yìn ilé baálẹ̀ ni ilé ìwé mi, ọmọ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, ọkùnrin mẹ́sàn-án, obìnrin méjì. Àwọn ìmàle abúlé náà ní ilé kéú tiwọn, wọn kò bá mi dá sí i. Àwọn olórìṣà ló fi ọmọ ránṣẹ́ sí mi, ilé kọ̀ọ̀kan ọmọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wọn odò.

Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ni mo ṣe ń kọ́ wọn. Èmi á kà á, wọ́n á kà á tẹ̀lé mi, a ó máa kà á títí á fi wọ̀ wọ́n lórí. Ẹni tí kò bá wọ̀ lórí, pankẹ́rẹ́ á bá a dá sí i. N kò ní purọ́, mo lu ọmọ gan-an. Nígbà tí ohùn wọn bá wá bọ́ sí ọ̀nà kan náà, tó ròkè dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tó ń fọ ẹyìn létí odò, inú mi á dùn, màá rò pé mo ti ṣe bẹbẹ.

Ní ọdún kejì, nígbà tí àgbàdo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ọmọ, baálẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Mo bá àwọn bàbá àwọn ọmọ ilé ìwé mi lọ́dọ̀ rẹ̀, gbogbo wọn jókòó. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí n dìde.

Baálẹ̀ ní, "Tíṣà, àwọn ọmọ wa ń ka ìwé, ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ mi yìí, ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò kàwé ti ń kọ ebè tirẹ̀. Kí ni ká sọ pé ìwé yìí ń ṣe fún wa?"

Kí n tó dáhùn, àgbẹ̀ kan láàárín wọn gba ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin gíga kan ni, kì í rẹ́rìn-ín, bó bá sì sọ̀rọ̀ tán ni àwọn mìíràn máa ń rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà lára àwọn obìnrin méjì tí mo ní. Ó ní, "Odídẹrẹ́ náà ń sọ̀rọ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni ti rí i kí wọ́n gbé odídẹrẹ́ lọ sóko?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹlòmíràn. Baálẹ̀ wá sọ fún mi pé àwọn ti fẹnu kò. Bí wọ́n bá ti kórè àgbàdo tán, kálukú á mú ọmọ rẹ̀ padà sóko, kí n sì máa lọ sí Ìbàdàn ní àlàáfíà.

Orí mi gbóná. Ẹ̀rín yẹn ló dùn mí jù. Mo ní, "Ẹ fún mi ní ọ̀ràn kan. Èyíkéyìí tó bá ti sú yín lábúlé yìí. Bí àwọn ọmọ yìí kò bá rí ìdí rẹ̀ kí ìtàdógún méjì tó pé, ẹ kò ní lé mi, èmi fúnra mi ni màá di ẹrù mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí i, ilé ìwé kò ní tú."

Bí mo ti sọ ọ́ tán ni mo ti fẹ́ gbé e mì padà. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ó ti bọ́ ná. Baálẹ̀ wo ojú àgbẹ̀ gíga náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọ̀ràn kòkó tìrẹ yẹn ńkọ́?"

Gbogbo abúlé ló mọ ọ̀ràn náà. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí kòkó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ohun tí gbogbo wọn ń lé, ọkùnrin yìí gbin tirẹ̀ bí àwọn yòókù. Kòkó àwọn aládùúgbò rẹ̀ ti kọjá orúnkún ọmọdé. Tirẹ̀ kò hù. Kì í ṣe pé kòkòrò jẹ ẹ́, kì í ṣe pé ó hù tó kú, ewé kan ṣoṣo kò yọ. Lọ́dún yìí ó tún gbìn ín, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ọkùnrin ló máa ń gbẹ́ ihò, obìnrin ló máa ń tẹ̀lé e, tí á máa fi irúgbìn sí i. Ìyàwó rẹ̀ ló sì fi irúgbìn sí ihò lẹ́ẹ̀mejèèjì. Nítorí náà ó pinnu pé ọwọ́ ìyàwó òun ni kò dára, ọwọ́ tí kì í jẹ́ kí nǹkan hù. Ó ní kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan irúgbìn mọ́. Àní ilá ẹ̀yìn ilé ìdáná rẹ̀, ọmọ aládùúgbò ló ń bẹ̀ kó bá òun gbìn ín. Obìnrin tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀ lábúlé àgbẹ̀, kí ló kù tí wọn ò tíì sọ sí i?

Ọ̀ràn tí mo fẹnu ara mi bèèrè nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì mo kó àwọn ọmọ jọ, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn bí mo ṣe rò ó yìí, mo ní, "Kí ló fà á?" Ọmọ-ọmọ baálẹ̀, tí ọpọlọ rẹ̀ jí jù nínú wọn, kò jẹ́ kí n pa ẹnu dé. Ó ní, "Ọwọ́ obìnrin náà ni." Ni gbogbo wọn bá gbé e, lóhùn kan, bí mo ṣe kọ́ wọn, "Ọwọ́ obìnrin náà ni!"

Ọmọbìnrin àgbẹ̀ náà nìkan ni kò sọ ọ́. Ó fa ìró rẹ̀ bo ẹnu. Ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń fi ohùn ìwé bú yẹn. Ọmọ bí ọdún mẹ́wàá ni, ẹnu rẹ̀ wúwo, ìwé kì í tètè wọ̀ ọ́ lórí, òun sì ni pankẹ́rẹ́ mi mọ̀ jù. Ojú tì mí. Mo rí i pé odídẹrẹ́ tí bàbá rẹ̀ wí, èmi gan-an ni mo ń sìn ín.

Mo ju pankẹ́rẹ́ sókè àjà àtíbàbà. Mo ní kò sí ẹni tó tún gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè yìí títí yóò fi ní ohun tó fojú ara rẹ̀ rí tàbí tó fetí ara rẹ̀ gbọ́. Mo wá pín wọn sí àáró mẹ́ta. Kò sí ọmọ àgbẹ̀ tí kò mọ àáró: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ, ẹni tó bá sì ro poro tirẹ̀ tán kì í lọ jókòó sábẹ́ ibòòji, ṣe ni yóò yí padà lọ pàdé ẹni tó gbẹ́yìn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe ṣe é. Àáró kìíní á lọ wo ilẹ̀. Àáró kejì á lọ bi àwọn àgbẹ̀ yòókù àti ìyàwó náà léèrè bí wọ́n ṣe gbin tiwọn. Àáró kẹta á gbin kòkó fúnra wọn, kí a fi ojú wa rí i. Bí wọ́n bá sì dé, ẹni tí ẹnu rẹ̀ wúwo jù nínú àáró ni yóò sọ ohun tí wọ́n rí. Bí kò bá lè sọ ọ́, gbogbo wọn ni kò rí nǹkan kan.

Ọmọ-ọmọ baálẹ̀ sunkún nítorí òfin yìí. Mo fi í sí àáró kejì pẹ̀lú ọmọbìnrin àgbẹ̀ náà, ó sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó ní, "Tíṣà, kò ní lè sọ ọ́." Mo ní, "Iṣẹ́ tìrẹ ni pé kó lè sọ ọ́."

Ẹ má rò pé ó dán mọ́rán láti ìbẹ̀rẹ̀. Àáró kìíní padà dé lọ́jọ́ yẹn gan-an, wọ́n ní ilẹ̀ náà kò dára. Mo pe ẹni tó lọ́ra jù nínú wọn, mo ní igi wo ló wà ní ààlà oko náà. Ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wo ọ̀nà. Wọn kò dé oko kankan, ìdí igi ìyeyè ni wọ́n jókòó sí, tí wọ́n ń jẹ ìyeyè. Ọwọ́ mi nà dé àjà, mo fà á padà. Mo ní kí wọ́n lọ. Òjò ń bọ̀, mo ní kí wọ́n lọ nínú òjò. Wọ́n dé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n rin gbindin, wọ́n bu erùpẹ̀ oko náà dání àti erùpẹ̀ oko tí kòkó ti hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó lọ́ra náà ní pèrègún ló wà ní ààlà, ó sì gbé erùpẹ̀ méjèèjì síwájú mi pé kí n sọ èwo ni ti ibi tí kò hù. N kò mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí ilẹ̀ ṣe bọ́ nínú ẹ̀bi nìyẹn.

Àáró kejì ni ó pẹ́. Ọmọ-ọmọ baálẹ̀ ń bèèrè, ó ń sáré, àwọn mẹ́ta yòókù ń tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ọmọ adìyẹ. Nígbà tó fẹ́ kí ọmọbìnrin náà tún un sọ, kò lè sọ ọ́, inú bí ọmọ-ọmọ baálẹ̀, ó pè é ní olódo, àwọn méjèèjì jà. Mo wò wọ́n, n kò dá sí i. Ní ọjọ́ kẹta ìjà yẹn mo rí ọmọ-ọmọ baálẹ̀ tó mú ọmọbìnrin náà lọ sí oko bàbá kan, tó ní kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ bi í, òun á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ọmọbìnrin yẹn bá ti fẹnu ara rẹ̀ bèèrè nǹkan, kì í gbàgbé rẹ̀ mọ́. Ọdún méjì ni mo fi lù ú, n kò sì mọ èyí nípa rẹ̀.

Òun ló wá jábọ̀. Ó gùn, ó ń dúró, ó tún ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ tán. Gbogbo àwọn tí kòkó wọn hù, bí wọ́n bá ti la èso kòkó lónìí, wọ́n ń fọ kóró inú rẹ̀, wọ́n ń gbìn ín ní tútù, lónìí tàbí lọ́la. Ìyá òun nìkan ni kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá òun so kóró kòkó náà kọ́ sókè lórí iná ìdáná fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, bí a ṣe ń so àgbàdo irúgbìn, kí èéfín gbẹ ẹ́ dáadáa.

Ẹnikẹ́ni nínú wa ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni a ti ń gbẹ àgbàdo irúgbìn sókè iná, irúgbìn ni irúgbìn í jẹ́. Nítorí náà n kò bèèrè nǹkan kan. Mo sọ fún àáró kẹta kí wọ́n kó erùpẹ̀ sínú àpáàdì mẹ́ta, kí wọ́n gbin kóró tútù sí ọ̀kan, kí wọ́n gbin èyí tí wọ́n sá sóòrùn sí èkejì, kí wọ́n gbin èyí tó gbé orí iná sí ẹ̀kẹta. A ń bu omi sí i láràárọ̀. Àwọn ọmọ tí mo máa ń lọ lé jáde nílé wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n ti máa ń wà nídìí àpáàdì kí n tó jí. Nígbà tí ìtàdógún kejì ku ọjọ́ méjì, àpáàdì kóró tútù ti hù, ewé rẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀. Àwọn méjì yòókù ṣófo. Ayọ̀ mi kò ṣeé fẹnu sọ. Mo ti ń ro bí ojú àgbẹ̀ gíga yẹn yóò ṣe rí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé, a ń tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo kàn fẹ́ kó dọ́gba ni mo fi bi ọmọbìnrin náà pé, "Kòkó kì í ṣe àgbàdo. Kí ló dé tí ìyá rẹ fi rò pé kí òun gbẹ ẹ́?"

Ó wolẹ̀. Gbogbo wọn wolẹ̀. Mo rí i pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ní ta ni yóò sọ ọ́ fún mi. Ọmọ-ọmọ baálẹ̀ ló sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kéré: "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ní ká gbẹ ẹ́."

Mo ní èmi? Ni wọ́n bá kà á fún mi, gbogbo wọn lóhùn kan, pẹ̀lú ibi tí mo máa ń fa ohùn sí: "Irúgbìn tútù a máa jẹrà. Gbẹ irúgbìn rẹ dáadáa kí o tó gbìn ín." Ìwé kíkà kan ni, mo fi kọ́ wọn lọ́dún àkọ́kọ́, mo sì ti gbàgbé rẹ̀ bí oúnjẹ ìjẹta. Ọmọbìnrin náà ló ké e sókè jù, nítorí ìyẹn nìkan ni ìwé tó wọ̀ ọ́ lórí pátápátá nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ. Ọjọ́ tó mọ̀ ọ́n, ó sáré lọ kà á fún ìyá rẹ̀. Inú ìyá rẹ̀ dùn pé ọmọ òun mọ̀wé. Kò sí ẹlòmíràn lábúlé náà tó ka ọ̀rọ̀ ilé ìwé sí. Ilé kan ṣoṣo tó gbà wá gbọ́, òun ni kòkó rẹ̀ kò hù.

Ẹ̀rù bà mí, mo sì ṣe ohun tí ìbẹ̀rù máa ń múni ṣe. Mo ní, "Lọ́la, ẹ sọ ti tútù, ẹ sọ ti èéfín, ẹ fi àpáàdì hàn wọ́n, kí ẹ dúró síbẹ̀. Ẹni tó ní ká gbẹ ẹ́ kò sí nínú ohun tí wọ́n bi wá." Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá dárúkọ mi, ilé ìwé ti tú nìyẹn.

Gbogbo abúlé ló wá. Àwọn ọkùnrin wà níwájú, àwọn obìnrin wà lẹ́yìn, ìyàwó àgbẹ̀ náà sì jókòó sí ìkángun wọn. Baálẹ̀ ní kí a bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó gbé àpáàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, ó sọ ti ilẹ̀, ó sọ ti àwọn àgbẹ̀ yòókù, ó sọ ti kóró tútù àti kóró tó gbé orí iná. Kò yára, kò sì fo nǹkan kan. Àwọn àgbà ń na ọrùn wo ewé kòkó náà. Baálẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Bàbá rẹ̀ dìde. Ó ní, "Ó dáa. Iná ló pa á. Ta ló wá gbé e sórí iná? Ṣé èmi ni? Kí ni mo ti ń sọ láti èṣí? Ọwọ́ rẹ̀ náà ni."

Àwọn ọkùnrin mi orí. Mo wo ìyàwó náà. Ó mọ ibi tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ gbígbẹ yẹn, ó kàn ní láti tọ́ka sí ọmọ rẹ̀ ni, ẹ̀bi á kúrò lọ́rùn rẹ̀. Kò tọ́ka. Ó ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ ìró.

Ọmọbìnrin náà yíjú sí mi lórí ìkúnlẹ̀ tó wà. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ní kí n dúró síbí. N kò lè dúró síbí."

Ó yíjú padà sí baálẹ̀. "Tíṣà ló fi kọ́ wa pé ká gbẹ irúgbìn. Èmi ni mo kà á fún ìyá mi." Kó tó parí ọ̀rọ̀, ọmọ-ọmọ baálẹ̀ ti dìde, ó lọ kúnlẹ̀ tì í. Àwọn méjì yòókù nínú àáró wọn tẹ̀lé e. Wọ́n lọ pàdé rẹ̀, bí a ṣe ń lọ pàdé ẹni tó gbẹ́yìn lóko.

Mo ti sọ pé ìbínú ni ogún mi, ṣùgbọ́n ìbínú kò wá lọ́jọ́ yẹn. Ìtìjú ló wá. Ọmọ tí mo ń nà ti gbé ohun tí èmi kò lè gbé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, "Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo kọ́ wọn ní àṣìṣe, n kò sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ. Ọwọ́ obìnrin yìí kò ní àbùkù kankan."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ wá ní, "Wọ́n rí ìdí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ náà sì ni tíṣà. N kò mọ ẹjọ́ tí n ó dá. Kálukú ló ni ọmọ rẹ̀, kálukú lọ rò ó." Àgbẹ̀ gíga náà ti lọ kí ó tó sọ ọ́ tán.

Mo di ẹrù mi. Ní òwúrọ̀ mo lọ sí àtíbàbà láti lọ mú síléètì mi, mo bá ọmọ mẹ́jọ níbẹ̀, wọ́n ń bu omi sí àpáàdì. Àwọn méjì kò wá, wọn kò sì wá mọ́ láéláé. Ọmọbìnrin náà ni ìkẹta tí n kò rí. Mo jókòó, mo ń wo ọ̀nà, n kò lè kọ́ wọn ní nǹkan kan.

Oòrùn ti ga kí n tó rí bàbá rẹ̀. Ó di ọmọbìnrin náà lọ́wọ́ mú, ó sì fi ọwọ́ kejì di àbúrò rẹ̀ mú, ọmọ kékeré kan tí kò wọ ilé ìwé rí. Erùpẹ̀ oko wà lẹ́sẹ̀ ọkùnrin náà. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó ní ìyàwó òun ti wà lóko láti àfẹ̀mọ́júmọ́, òun gbẹ́ ihò títí ó fi rẹ òun, obìnrin náà ń gbin kòkó tútù, kò tíì fẹ́ dáwọ́ dúró. Ó wá ti ọmọ kékeré náà síwájú mi.

Ó ní, "Gbà á. Bí o bá tún ṣìnà, àwọn tí yóò sọ fún ọ ti di méjì nílé mi."